Ọrùn Igi

Ewé ló kọ́kọ́ tú àṣírí.
Mo ń rin pákò lówùúrọ̀ ọjọ́ Àlàmísì kan,
mo rí ọsàn wẹ́wẹ́ ẹ̀yìnkùlé wa
tó pupa rúsúrúsú bí ojú ẹni tí ibà apọ́njú mú,
iṣan inú ewé nìkan ló ṣì ń rántí pé ewé ni òun.

Mo ké pe Basíráátù: "Ta ló da omi ọṣẹ sídìí igi yìí?"
Ó ní òun kọ́. Ó ní, "Wò ó dáadáa."
N ò wò ó dáadáa. Èèrà ni mo wò:
wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ sára ẹ̀ka
bí àwọn elépo tí ń fi alùpùpù ti Ìgólò bọ̀ lóru,
wọ́n ń da kòkòrò funfun wínníwínní
bí darandaran ṣe ń da màlúù.
Mo po eérú mọ́ ọṣẹ dúdú, mo fi wẹ̀ ẹ́ látòkè délẹ̀.
Èèrà lọ ní Jímọ̀. Ní Àtìní wọ́n padà,
ó jọ pé wọ́n mú àna wọn dání.

Sẹ́fíù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lójúde wa ní
igi tó bá ń ṣe ìmẹ́lẹ́, ẹ̀rù ni kí a fi bà á.
Èmi, àgbà ọkùnrin, mo gbé àdá,
mo dúró níwájú igi bí ẹni tó wá sin gbèsè:
"Bó o bá máa so, so. Bí o ò bá so, màá gé ọ."
Ewé mẹ́ta já bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀.
Mo rọra gbé àdá padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ìyá Wúlẹ̀mọ́tù ló wá bá wa wò ó,
ẹni tó ń ta igi wẹ́wẹ́ inú ọ̀rá dúdú lẹ́bàá ọ̀nà Ouando.
Kò tilẹ̀ gbójú sókè wo ewé.
Ó kúnlẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ kan ilẹ̀: kọ̀, kọ̀, kọ̀.
"Ọrùn igi yìí dà?"
Mo ní, ìyá, igi ní ọrùn?
"Ibi tí igi ti di gbòǹgbò. Kí ló dé tí ẹ fi sìmẹ́ńtì fún un lọ́rùn?"

Kò sẹ́ni tí mo lè nàka sí.
Èmi ni mo da sìmẹ́ńtì yẹn lọ́dún tó kọjá,
nítorí fídáù ìyá mi,
kí ẹrẹ̀ Àjàṣẹ́ má bàa ta sí aṣọ àlejò.
Bíríkìlà bi mí pé ṣé kí òun fi àyè sílẹ̀ nídìí ọsàn.
Mo ní kó dà á débẹ̀, kó lè dán.
Igi tí ìyá mi fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn,
ìyá tó ń ta ẹja Ọ̀sà,
tó jẹ́ pé nírọ̀lẹ́, kó tó fọwọ́ kan ọmọ ẹnikẹ́ni,
ó ti la ọsàn kan sí méjì, ó ti fi ra àtẹ́lẹwọ́,
ó ti gbóòórùn ìka rẹ̀, ó ti tún un ra.

Òòlù àti irin. Ọjọ́ méjì gbáko.
Ibi tí apá mi gùn dé ni mo fọ́ yí i ká.
Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ń rùn bí omi tó ti pẹ́ nínú agolo.
Gbòǹgbò méjì ti dúdú, wọ́n rọ̀ bí ẹ̀fọ́ àná; mo gé wọn.
Ìkẹta funfun. Mo fi èékánná ha á,
òórùn kan jáde,
mo jókòó sílẹ̀ díẹ̀ kí n tó lè gbé òòlù mọ́.
Basíráátù gbé omi wá. Kò béèrè nǹkan kan.

Ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó ti pé ọdún, kó má kan ara igi.
Omi: ẹ kọ́kọ́ ti ìka bọlẹ̀, bó bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀.
Ẹ̀ka tó ti kú, ẹ gé e, ẹ má ṣàánú rẹ̀.
Ìyá Wúlẹ̀mọ́tù kọ owó wa,
ṣùgbọ́n ó kó gbogbo àfọ́kù sìmẹ́ńtì lọ:
ó ní ojú gọ́tà òun ti rì láti ìgbà òjò.

Ó ti di ọ̀sẹ̀ méje.
Ewé ṣì ń já. Ẹ̀ka ìhà ọ̀dọ̀ Sẹ́fíù ti gbẹ, mo ti gé e.
Láàárọ̀ yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gún kan,
mo rí kiní kan tó tutù, kò ju hóró yànmọtí lọ.
Basíráátù ní kòkòrò ni.
N ò tíì sún mọ́ ọn wò.
Pákò ṣì wà lẹ́nu mi.